Ta Ló Tan Iná Kí Ẹ Tó Wọlé? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Kọ̀rọ̀ Nínú Ìjọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ lọ́wọ́ tí ẹ sì ń gbọ́ wa, àti ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ohùn, tí ẹ fi ń ka ohun tí a sọ níbí, gbogbo yín ni mo kí. Ohun tí ẹ ń kà yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí. Ikọ́ tó ń ṣe mí nìkan ni mo yọ kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Sọ́ńdè tó kọjá, nígbà tí ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, iná ti wà. Àga ti wà ní títò. Ilẹ̀ ti mọ́. Omi wà ní ilé ìtura. Máìkì ń sọ̀rọ̀. Ta ló ṣe gbogbo rẹ̀? Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Mo fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Tí ẹ bá rí ẹnì kan dárúkọ, ẹ kú iṣẹ́. Tí ẹ kò bá rí ẹnì kankan dárúkọ, ẹ má bínú sí ara yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi wà nínú ìjọ tí mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí ni a fẹ́ sọ lónìí: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, tí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má tíì pa á o. Irú àwọn èèyàn yìí wà ní mọ́sáláṣí, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, wọ́n sì wà nínú ilé tiyín náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi ti mọ̀ wọ́n, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Jẹnẹrétọ̀

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ mídíà ìjọ kan ní Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, torí ẹ̀bi tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n máa ń dé. Wọ́n á wo epo, wọ́n á wo ọ́ìlì, wọ́n á yẹ wáyà wò, wọ́n á wá ti jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà, níbi tó jìnnà sí gbogbo fèrèsé. Tí ìsìn bá parí, àwọn ni wọ́n máa ń kẹ́yìn kúrò. Bàbá Jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú fóònù mi náà nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá pè mí. Mo ń gé fídíò lọ́wọ́. Mo wo orúkọ tó hàn lójú fóònù, mo ní màá pè wọ́n padà tí mo bá ṣe tán. Mi ò pè wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kò wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa tan jẹnẹrétọ̀, iná dé, ìsìn lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè Bàbá. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ní Sọ́ńdè kẹta, òjò rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò fẹ́ kí òjò pa jẹnẹrétọ̀, ló bá tì í wá sábẹ́ òrùlé, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń ṣe Sọ́ńdè Sùkúùlù. Ó rò pé òun ń ṣe dáadáa ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ìsìn kò tíì dé ìdajì tí ọmọ kan fi ní orí ń fọ́ òun. Òmíràn ní òòyì ń kọ́ òun. Ẹ̀kẹta bì. Obìnrin tó ń kọ́ wọn, òun náà kì í gba kọ́bọ̀, kò dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kó gbogbo àwọn ọmọ náà jáde sínú òjò, ó sì pariwo pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwa kò mọ nǹkan kan. Iná kú, a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìsìn tí à ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti já.

Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà lọ sí ọsibítù. A dúpẹ́, gbogbo wọn padà sílé láyọ̀ àti àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ó lè gba ẹ̀mí ẹnì kan nínú yín là. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Tí èèyàn bá ń mí i símú, ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ gidi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé kiri ara. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Tí kò bá sí ẹni tó tètè fura, èèyàn lè sùn lọ kó má jí mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn rárá, bí òjò rọ̀, bí òjò kò rọ̀.

Bàbá mọ èyí. Ìdí tí wọ́n fi ń tì í lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà ní gbogbo Sọ́ńdè nìyẹn. Àwa rò pé wọ́n kàn ń tan iná ni. A kò mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń ṣọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé, "Bàbá Jẹnẹrétọ̀ dà?" A wo ojú ara wa. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ní kí a lọ wo àdírẹ́sì wọn nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìjọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dójú rú. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí a máa wá nínú ìwé. Ọdún mẹ́fà ni Bàbá ti ń tan iná fún wa.

Èmi ni mo ní nọ́ńbà wọn. Mo pè. Màmá, ìyàwó wọn, ló gbé e. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá Bàbá dùbúlẹ̀, pé ní Sátidé ọjọ́sí ni Bàbá fẹ́ sọ fún mi pé àwọn kò ní lè wá, kí a bá wọn wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo rò pé ẹ ti rí ẹlòmíràn ni."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọn kò bínú rárá, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Lójú tiwọn, kò ya èèyàn lẹ́nu pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí kò sẹ́ni tó wá wọn wá.

Kí ló dé tí a kì í fi í rí wọn?

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, mo sì rò pé ìdí kan ló gbòòrò jù. Iṣẹ́ wọn kì í hàn àfi tó bá bàjẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ilẹ̀ mọ́. Tó bá dọ̀tí, gbogbo ìjọ ló máa rí i. Ẹni tó ń kọrin lórí pẹpẹ, tó bá ṣe dáadáa, a máa pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń tọ́jú ohùn máìkì, tó bá ṣe dáadáa, kò sí nǹkan tí a máa gbọ́ yàtọ̀ sí ohùn akọrin. Ìgbà tí máìkì bá han goooro nìkan ni gbogbo orí máa yí padà sẹ́yìn láti wo ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún yín nípa híhan yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Tí ẹni tó mú máìkì bá rìn lọ síwájú sípíkà, ohùn tó ń jáde nínú sípíkà á tún padà wọ inú máìkì, ẹ̀rọ á tún gbé e ga sí i, á tún jáde, á tún wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti di ariwo tó ń gún etí. Oníwàásù ló rìn síwájú sípíkà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa ń wò bíi pé ó ṣẹ̀ sófin? Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nídìí ẹ̀rọ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìdí kejì ni àkókò. Nígbà tí àwa bá dé, wọ́n ti ṣe é tán. Nígbà tí wọ́n bá padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ti lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì Sọ́ńdè. A kì í jọ pàdé. Ẹ wò ó bí ọjọ́ méjì péré ṣe máa ń rí. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn kan ń gbálẹ̀, wọ́n ń nu àga. Lálẹ́ Sátidé, ẹnì kan ń tẹ ọ̀rọ̀ orin sínú kọ̀ǹpútà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì ohùn pé, kí "ọkọ̀" má bàa di "ọkọ" lójú ògiri. Ní ìdájí Sọ́ńdè, ẹnì kan ń tan iná, ẹnì kan ń pọn omi, ẹnì kan ń fi bátìrì sínú máìkì. Nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, àwọn kan wà pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, wọn kò gbọ́ ìwàásù kankan. Ẹnì kan dúró sí ẹnu géètì nínú oòrùn, ó ń júwe ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan ń ka owó, àwọn kan ń ká wáyà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lọ kí aláìsàn nílé, tí wọn kì í ya fọ́tò rẹ̀ rárá.

Ìdí kẹta kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí láwùjọ. Ẹni tí kò lówó, ẹni tí kò kàwé, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, opó. Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá báńkì kan ló ń tan jẹnẹrétọ̀ yẹn ni, ṣé a kò ní mọ orúkọ rẹ̀? Mo fi í sílẹ̀ fún yín.

Ìwé Mímọ́ kò gbàgbé wọn

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìwé tí à ń kà ní gbogbo Sọ́ńdè kún fún irú àwọn èèyàn yìí. Nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 17, Jóṣúà ló ń jagun pẹ̀lú àwọn Ámálékì, Mósè sì gbé ọwọ́ sókè lórí òkè. Tí ọwọ́ Mósè bá wálẹ̀, àwọn ọ̀tá á máa borí. Áárónì àti Húrì ló wá òkúta fún un láti jókòó, tí wọ́n sì dì í lọ́wọ́ mú, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀pọ̀ wa mọ Jóṣúà. Mélòó nínú wa ló ń rántí Húrì?

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 30. Dáfídì kó 600 ọmọ ogun lẹ́yìn àwọn tó kó wọn lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n dé odò Bésórì, ó ti rẹ 200 nínú wọn, wọn kò lè sọdá. Wọ́n dúró síbẹ̀ ti ẹrù. Àwọn 400 yòókù ló lọ jà, tí wọ́n ṣẹ́gun, tí wọ́n kó ìkógun bọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó lọ jà wá ní kí wọ́n má fún àwọn tó dúró ti ẹrù nínú ìkógun náà. Dáfídì kọ̀. Ó ní ọgbọọgba ni wọ́n máa pín in, ẹni tó lọ sógun àti ẹni tó ṣọ́ ẹrù. Ó sọ ọ́ di òfin ní Ísírẹ́lì. Ẹ kíyè sí i: kò kàn sọ pé "ẹ ṣeun" fún wọn. Ó fún wọn ní ìpín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù, nígbà tó ń parí lẹ́tà tó kọ sí àwọn ará Róòmù, ní orí 16. Orúkọ èèyàn tó lé ní ogún ló kà sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń kí. Kò kàn ka orúkọ nìkan. Ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe: èyí fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí mi, èyí ṣe làálàá púpọ̀ láàárín yín, ìyá lágbájá ṣe bí ìyá fún èmi náà. Nínú orí yẹn kan náà, ẹni tó ń bá Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ kí àwọn èèyàn fúnra rẹ̀. Tertiu ni orúkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ń sọ, Tertiu ń kọ. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ mídíà, mo fẹ́ràn Tertiu gan-an.

Ẹ jẹ́ ká tún wálé. Tí wọ́n bá ní ta ló túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, Samuel Ajayi Crowther ni gbogbo wa máa pè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Ṣùgbọ́n Crowther nìkan kọ́ ló ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ náà ni Thomas King, ọmọ Yorùbá tó ti Sàró padà wálé, tó sì ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1862 ló kú, kò dúró rí odindi Bíbélì náà. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín léèrè ta ni Thomas King, kí ẹ wo iye tó máa mọ̀ ọ́n.

"Ọlọ́run á san án fún yín"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ díẹ̀. Gbólóhùn kan wà tí a máa ń lò nínú ìjọ: "Ọlọ́run á san án fún yín." Àdúrà tó dára ni, èmi náà ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, a máa ń fi àdúrà yẹn bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Ẹnì kan ti dúró láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, kò jẹun, owó ọkọ̀ ló kù lápò rẹ̀, a ní Ọlọ́run á san án, a bá wọ ọkọ̀ wa, a lọ. Ọlọ́run tó máa san án kò ní kí a má fún un lómi mu.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ àti òṣìṣẹ́, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ń wá lójoojúmọ́, tó ní aago tó gbọ́dọ̀ dé, tí à ń bá wí tó bá pẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ fún un ní owó oṣù. Kí a má fi orúkọ Ọlọ́run jẹ ẹ́ níyà.

Báwo la ṣe lè mọ rírì wọn?

Àwọn àgbà wa ní yinni yinni, kẹ́ni lè ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń yinni? Ohun tí mo ti kọ́ rèé láti ọjọ́ yẹn.

Èkíní, ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ wo inú fóònù yín. Ta lẹ pè ní "Ọ́ṣà", "Ìyá Onígbálẹ̀", "Bọ̀dá Máìkì"? Ẹ béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.

Èkejì, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á bùkún yín" dára, ṣùgbọ́n ó lè bá ẹnikẹ́ni mu. Ẹ gbìyànjú èyí: "Mo rí i pé ẹ wá ìjókòó fún màmá mi tó fi ọ̀pá rìn wọlé, ẹ sì gbé àga náà sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ ṣeun gan-an, mà." Ẹni tó gbọ́ èyí á mọ̀ pé ẹnì kan rí òun.

Ẹ̀kẹta, ẹ dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí wà nínú àṣà wa tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe wá lóore, a máa ń dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́, a tún máa ń lọ sọ pé, "Ẹ ṣé àná o." Àwọn òbí wa kì í fi í ṣeré. Ó ń fi hàn pé a sun oore náà, a sì jí tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fóònù lójoojúmọ́, ohùn kékeré kan lórí WhatsApp ní àárọ̀ Mọ́ńdè, "Ẹ ṣé àná o, sà," kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Èdè wa ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. Ẹni tó dúró sí ẹnu géètì, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó ṣọ́ ìṣọ́ òru, ẹ kú àìsùn. Ẹni tó ń bá àwọn ọmọ wa fa wàhálà, ẹ kú làálàá. Kí la fẹ́ fi àwọn ìkíni yìí ṣe tí a kò bá kí àwọn tó tọ́ sí?

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ Ọlọ́run sọ wọ́n di onígbèsè. Ká ní ₦700 ni ọkọ̀ àlọ, ₦700 ni àbọ̀. Tí ẹnì kan bá ń wá ní Sátidé àti ní Sọ́ńdè, ₦2,800 nìyẹn lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di ₦11,200. A kò tíì ka dátà tó ń lò, a kò tíì ka oúnjẹ. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ríṣẹ́ ni o. Kí ìjọ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá ní ìgboyà láti béèrè nìkan ló máa rí i gbà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọmọ àti àwọn tó wà ní ẹnu géètì kì í gbọ́ ìwàásù fún odindi ọdún. Wọ́n ń sin wá, ṣùgbọ́n ebi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń pa wọ́n. Ẹ ṣe ètò kí wọ́n máa pín in ṣe, kí oníkálukú rí Sọ́ńdè tó máa jókòó bí ọmọ ìjọ.

Ẹ̀kẹfà, ẹ ní kí wọ́n kọ́ ẹlòmíràn. Àpọ́nlé ni láti sọ fún ẹnì kan pé, "Ohun tí ẹ mọ̀ yìí ṣe pàtàkì, a kò fẹ́ kó sọnù." Tó bá jẹ́ pé a ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò ní ti jẹnẹrétọ̀ wá sábẹ́ fèrèsé.

Èkeje, ẹ pè wọ́n nígbà tí kò síṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wáyà bá já nìkan ni fóònù wọn máa ń dún, wọ́n á mọ̀ pé wáyà lẹ fẹ́ràn.

Àwọn ohun kan sì wà tí kì í ṣe ìmọrírì, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ẹni tó ṣe dáadáa, tí a wá di iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn rù, a kò yìn ín, a fi ìyà jẹ ẹ́ ni. Ayẹyẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n kò lè dípò ìkíni ọ̀sẹ̀ mọ́kànléláàádọ́ta tó kù. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí a pe òun síwájú ìjọ. Àwọn kan fẹ́ kí a kàn wá jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ náà ńkọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin gan-an ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan fún yín. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ṣubú. Tí ẹ bá pe èèyàn bí èmi tí kò gbé e, ẹ tún un pè, ẹ pe ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹ̀bi yín pé a kò rí yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà láé pé a ti rí ẹlòmíràn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìka tó bá ń dunni, kò yẹ kó dákẹ́.

Kí n tó lọ

Ẹ máa fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá já sí. Ara wọn ti yá. Wọn kì í ti jẹnẹrétọ̀ mọ́, dókítà kò gbà fún wọn. Àga kan wà fún wọn ní ẹ̀yìn ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ òjò yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A fi ọ̀dà funfun fa ilà sílẹ̀ níbi tí jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, bí òjò ń rọ̀, bí kò rọ̀.

Orúkọ wọn ti yí padà nínú fóònù mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí wọ́n ní kí n má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, gbogbo ìjọ sì mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àmúrelé ọ̀sẹ̀ yìí rọrùn. Kí ẹ tó gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ wá ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ níbi tí ẹ ti ń jọ́sìn, tàbí ní àdúgbò yín. Ẹ pè é. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ sọ ohun kan pàtó tó ṣe. Tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà á ṣe tèmi báyìí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń yọ ariwo ọkọ̀ kúrò nínú ohùn mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àti àbúrò mi tó ń fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí, ẹ ṣeun. Ẹ kú àìsùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, màá tún pè yín láti sọ pé ẹ ṣé àná.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ire o.